Ta Ló Máa Sọ fún Adúmáadán Pé Ògiri Ẹ̀ Wọ́

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tèmi. Ẹni tó bá gbé ẹ̀wà kaná, kó yáa lọ bomi sí i kó tó jókòó, torí ọ̀rọ̀ yìí ò gba kéèyàn máa dìde lọ dìde bọ̀. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni, ó sì kan gbogbo wa, àtẹni tó ti kọ́lé àtẹni tó ṣì ń sá pamọ́ fún lánlọ́ọ̀dù.

Obìnrin kan wà ní Ìkòtún tó ń jẹ́ Ọláṣùmbọ̀. Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù tó háyà wà láàárín ẹni tó ń tún fóònù ṣe àtẹni tó ń ta ìkòkò, ó sì kéré débi pé tí kọ́sítọ́mà bá fẹ́ wọ bùbá wò, Ṣùmbọ̀ á kọ́kọ́ jáde síta kí àyè tó gbà á. Ọdọọdún sì ni onílé ń fowó kún un. Torí náà, tí Ṣùmbọ̀ bá ń ronú ilé tara ẹ̀, kì í ṣe pálọ̀ ló ń rí. Ṣọ́ọ̀bù ló ń rí. Ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ títì, tó ní fèrèsé ńlá, tí dígí gígùn á wà lára ògiri ẹ̀, tẹ́nì kankan ò ní wá kanlẹ̀kùn bèèrè rẹ́ǹtì ẹ̀ mọ́.

Ọkọ ẹ̀ ńkọ́? Jàfárù lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ panẹ́ẹ̀lì-bítà ní Dópẹ̀mú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ṣá ni. Ó lè fi òòlù lu mọ́tò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ bá èèyàn fa ọ̀rọ̀, kò jẹ́ ṣe é. Àwọn méjèèjì ti ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì sí Ìjẹ̀gùn, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀, owó àjọ wọn náà ti bọ́ sí i. Ó wá ku ilé.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, wọ́n jókòó láti ṣírò owó. Ṣùmbọ̀ mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ, ó ya gbogbo ilé náà sórí ilẹ̀ yàrá wọn. Jàfárù gbé àwo ẹ̀bà dání, ó ń wá ibi tó máa gbà kọjá.

"Ìyá Sódìq, ibo ni mo dúró sí báyìí?"

"Inú ilé ìwẹ̀ lẹ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀bà níbẹ̀."

Jàfárù bọ́ sí pálọ̀, ó jókòó, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀bà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù èló, iyẹ̀pẹ̀ èló, sìmẹ́ǹtì tí kì í dúró sójú kan, páànù, igi òrùlé. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí wọ́n fi dé ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe. Obìnrin kan ní Ìgandò, Ẹnjiníà Fúnmiláyọ̀, ló kọ́ ilé ọ̀rẹ́ Ṣùmbọ̀ kan, ilé náà sì dúró ṣánṣán. Ó ti sọ iye tó máa gbà fún iṣẹ́ ọwọ́ tiẹ̀ nìkan: mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ṣùmbọ̀ wá gbogbo ibi tí wọ́n ti lè yọ irú owó yẹn. Ibì kan ṣoṣo ló rí. Ibi ṣọ́ọ̀bù ni.

Jàfárù gbé òkèlè mì. "Ẹni tí ò ní fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo la fẹ́ san irú owó yẹn fún? Raheem ńkọ́?"

Raheem ni àbúrò Jàfárù, ọmọ ìyá ẹ̀. Bíríkìlà ni ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bí Ṣùmbọ̀ ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, àyà ẹ̀ já díẹ̀. Àmọ́ ó wo ṣọ́ọ̀bù tó fi ṣọ́ọ̀kì yà sílẹ̀, ó wò ó títí.

"Ó dáa," ló wí. "Kí wọ́n wá bá wa ṣe é."

Ẹ jẹ́ ká tú ìdí tí àyà ẹ̀ fi já palẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Ṣùmbọ̀ wọ agbo ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọdé ni Raheem, ṣòkòtò pénpé ló wọ̀, apá ló fi ń nu imú. Àmọ́ wọ́n ti bí i kí Ṣùmbọ̀ tó dé. Ó parí. Ọkọ ẹ̀ ni. Ṣùmbọ̀ kúnlẹ̀ kí i, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ mọ́ ọn lórí, ló bá sọ ọ́ ní Adúmáadán torí àwọ̀ ẹ̀ tó ń dán bíi kóró iṣin. Raheem ti hurùngbọ̀n báyìí, Ṣùmbọ̀ ṣì ń kúnlẹ̀. Tí bíríkìlà lásán bá ṣiṣẹ́ tí kò dáa, wàá sọ̀rọ̀ sí i. Ṣé ọkọ ẹ lo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí?

Raheem bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìpìlẹ̀ dáa, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ìgbà tí ògiri yàrá dé èjìká ni Ṣùmbọ̀ gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, ó gbé kúlà ìrẹsì lé itan. Kó tó sọ̀ tán ló ti rí i. Ẹni tó ń fojú wọn èjìká àti ìbàdí èèyàn lójoojúmọ́, ta ló fẹ́ fi ìyẹn pamọ́ fún? Ògiri náà yọ ikùn láàárín, bí ẹni tó jẹyán tó tún ní kí wọ́n bu sí i. Raheem dúró tì í, ó ń nu òógùn, gbogbo eyín ẹ̀ wà níta.

"Ìyàwó wa, ẹ wo iṣẹ́."

Ṣùmbọ̀ kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Adúmáadán, ọkọ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ yìí... iṣẹ́ ńlá mà ni."

"Ṣé ó wù yín?"

Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó ní kóun fi ọgbọ́n gbé e gba ẹ̀yìn. "Ọkọ mi, ó dà bí ẹni pé ògiri yìí ń jọ aláboyún díẹ̀."

Raheem gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. "Àmín, ìyàwó wa. Ọlọ́run á fọmọ kún ilé yìí. Inú yàrá yìí gan-an la ti máa jẹ súná."

Àwọn tó ń bá a po kọnkéré náà ṣàmín. Kí ló wá kù? Ṣùmbọ̀ náà ṣàmín, ó ṣí kúlà, ó bu ìrẹsì fún gbogbo wọn.

Ìgbà tó tún padà lọ, yàrá kejì ti dìde. Òun náà ti yọkùn.

Ó délé, ó bá Jàfárù. "Bàbá Sódìq, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Àbúrò yín ni."

"Mo ti rí ògiri yẹn."

"Ẹ rí i, ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ta ni wọ́n máa ní ó rán mi? Màámi á ní, 'Jàfárù mi ò kí ń fojú wá ẹ̀sùn, ìyàwó ló ń kọ́ ọ.' Ṣé o fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ṣùmbọ̀ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lọ fi gbogbo ìbínú ẹ̀ sára kọ́là ẹ̀wù tó ń rán lọ́wọ́.

Ó wá ku ṣọ́ọ̀bù. Raheem bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó gbé e dókè, ó fi àyè fèrèsé ńlá náà sílẹ̀ síbi tí Ṣùmbọ̀ fẹ́ ẹ gan-an. Ẹ gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ewúrẹ́ kan ládùúgbò, ẹ̀yìn ń yún un. Ó wá gbogbo Ìjẹ̀gùn, kò rí ibòmíì tó máa fara nù àfi ògiri ṣọ́ọ̀bù Ṣùmbọ̀. Ó fara nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó fara nù ún lẹ́ẹ̀kejì, ló bá gbọ́ gbì. Ewúrẹ́ sá, Raheem sá, àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nǹkan kan ò ṣe ewúrẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ló dùbúlẹ̀.

"Ewúrẹ́ yẹn lágbára o," Raheem wí, nígbà tí Ṣùmbọ̀ dé.

"Ó lágbára lóòótọ́, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n... ṣé sìmẹ́ǹtì pé nínú ẹ̀?"

Raheem rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fúnni lẹ́bùn. "Ìyàwó wa, owó yín ni mò ń ṣọ́. Ibi táwọn tó kù bá ti da àpò kan sí, ìlàjì lèmi ń dà. Ìyókù wà nínú yàrá yẹn, mo tọ́jú ẹ̀ fún yín."

Kí lẹ fẹ́ kó sọ sí ìyẹn? Ó dúpẹ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ikùn báyìí. Ìlàjì sìmẹ́ǹtì kan náà ló fi kọ́ àwọn yàrá, inú wọn lọmọ sì máa sùn sí. Láti ibẹ̀, Ṣùmbọ̀ ò tiẹ̀ padà sí Ìkòtún, Ìgandò ló gbà lọ. Ó bá Ẹnjiníà Fúnmiláyọ̀ níwájú ilé kan tó ń kọ́, ó to gbogbo ẹ̀ fún un.

"Ẹ wá gba iṣẹ́ yìí, mà. Ẹ bá wa wá bí wọ́n ṣe máa lọ jẹ́jẹ́."

"Mi ò kí ń lé ẹbí oníbàárà," Ẹnjiníà wí. "Tí mo bá lé e, ẹ̀yin lẹ máa jẹ gbèsè ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ò burú, mo gbọ́ pé ìpìlẹ̀ yẹn dáa. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Èmi á máa bá a sọ̀rọ̀."

"Èló lẹ máa gbà?"

"Iye tí mo sọ níjọ́sí."

"Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, kẹ́ ẹ kàn máa bá èèyàn sọ̀rọ̀?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó tún fìlà irin orí ẹ̀ dé. "Àǹtí, ẹ lọ bá a sọ ọ́ fúnra yín jàre. Ọ̀fẹ́ nìyẹn."

Ṣùmbọ̀ pinnu pé òun á sọ ọ́ fúnra òun. Lọ́jọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà padà sí Ìjẹ̀gùn, ó ń dá a sọ lẹ́nu bí ọmọ tó ń há àkọ́sórí. "Ọkọ mi, ẹ wó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wó o."

Ọlọ́kadà yíjú padà. "Màdáámù, kí n wó kí ni?"

"Ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa wò, bọ̀dá."

Nígbà tó débẹ̀, Raheem ti rí i lókèèrè. Ó ti gbé àga fún un síbòòji, ó ti nu àga náà, ó ti ra píọ́ wọ́tà tútù. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ mọ̀ pé ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi sí ìkáwọ́ mi látìpìlẹ̀ dókè nìyí? Gbogbo ọ̀rẹ́ mi l'Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti sọ fún. Ẹ̀yin àti bọ̀dá mi lẹ kọ́kọ́ gbà pé mo lè ṣe é."

Ṣùmbọ̀ mu omi ẹ̀. Ó mu ún tán pátápátá. Ó dìde, ó ní ẹ kú iṣẹ́, Adúmáadán, ó sì wá ọ̀kadà míì.

"Ẹ jẹ́ ká pe Ẹnjiníà," ló sọ fún Jàfárù.

"Ṣọ́ọ̀bù ẹ ńkọ́?"

"Ẹ má bi mí, Bàbá Sódìq. Ẹ ṣáà jẹ́ ká pè é."

Bó ṣe di pé Ẹnjiníà Fúnmiláyọ̀ gba iṣẹ́ nìyẹn. Jàfárù sọ fún àbúrò ẹ̀ pé wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan máa bójú tó gbogbo iṣẹ́, òun Raheem ṣì ni bíríkìlà àgbà. Raheem ní kò burú. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ dé, Ṣùmbọ̀ fara pa mọ́ sẹ́yìn òkìtì iyanrìn, ọwọ́ lé àyà. Ẹnjiníà so irin mọ́ okùn, ó fi í sílẹ̀ látòkè ògiri, ó fi wò ó bóyá ó tọ́.

"Raheem, ta ló kọ́ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Wó o. Gbogbo ibi tó bá sì jẹ́ ìlàjì sìmẹ́ǹtì, fi hàn mí."

"Ó dáa, mà."

Ó tán. Raheem gbé òòlù ńlá, ó ń fẹnu súfèé, ó ń wó ògiri. Kò fajú ro, kò gbé fóònù pe Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùmbọ̀ dìde lẹ́yìn iyanrìn pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lórúnkún.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán, Raheem sún mọ́ ọn. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ó wọ́, àbí?"

"Mo rí i, ọkọ mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi náà rí i. Mo ní kí n wó o lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ dé tẹ́ ẹ ń kí mi kú iṣẹ́ ńlá. Mo ní ìyàwó bọ̀dá mi kì í ṣe ẹgbẹ́ mi, bóyá bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo mọ̀ pé télọ̀ ni yín, mo ní bóyá ẹ fẹ́ kó ní ìbàdí."

Ṣùmbọ̀ rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi gba imú ẹ̀ jáde. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó rántí mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, ẹ̀rín náà bá wọlẹ̀.

Ilé parí, ilé sì dúró. Wọ́n kó wọ̀ ọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù níwájú ẹ̀ o, ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni Ṣùmbọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí, tí ìjì bá ń bọ̀, á wọ́ ọ wọlé, á tún wọ́ ọ jáde. Ẹnjiníà fẹ́ràn ọwọ́ Raheem, ó mú un lọ sí Ìgandò, iṣẹ́ ò wọ́n ọn mọ́. Ìgbà tó di ẹ̀yìn Iléyá, Raheem wá, ó ní òun ò ní gba kọ́bọ̀, kí wọ́n ṣáà ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, ìyàwó wọn gbọ́dọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó to ìlà àkọ́kọ́. Ó to ìkejì. Ṣùmbọ̀ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń wò ó. Ìlà kẹta fì sí ọ̀tún díẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ wo ẹ̀yìn. Ṣùmbọ̀ fi aṣọ sílẹ̀. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì.

"Adúmáadán, ọkọ mi. Ẹ dákun. Ìlà yẹn wọ́."

Raheem tẹ̀ síwájú, ó dijú kan, ó wò ó. "Ó wọ́ lóòótọ́," ló wí. Ó fẹsẹ̀ tì í ṣubú, ó bu sìmẹ́ǹtì míì.

Gbogbo ẹ̀ ò ju báyẹn lọ.

Ó dáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tẹ́ ẹ ń fi Ṣùmbọ̀ rẹ́rìn-ín, ká ní ẹ̀yin ni, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé kúlà ìrẹsì débẹ̀, tí ọkọ yín ń fi gbogbo eyín bi yín bóyá ó wù yín, ṣé ẹ ó kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ sòótọ́ ni, àbí ẹ ó san owó ṣọ́ọ̀bù kí ẹlòmíì bá yín sọ ọ́?