Ta Ni Yóò Bá Mi Wo Àtẹ́lẹsẹ̀ Mi?

Àfọ́kù ìgò tí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀mú fà yọ nínú àtẹ́lẹsẹ̀ obìnrin alágbàfọ̀ kan kò ju èékánná ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbẹ̀ kí ẹni tó ni ẹsẹ̀ tó mọ̀. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ náà kú, kò mọ ìrora mọ́. Òórùn ló tú àṣírí egbò.

"Màmá, ẹ kì í gbọ́ràn," ni nọ́ọ̀sì wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin ìtọ́jú ẹsẹ̀ tó ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi: kó máa fọ ẹsẹ̀, kó nu àárín ọmọ ìka gbẹ, kó má fẹsẹ̀ lásán rìn, kó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin náà ti ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìtura kan, nínú omi ọṣẹ. Bàtà rọ́bà tí wọ́n fún un há débi pé ó ń bó o lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ ọ̀gá kó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ní ẹni tí bàtà bá há mọ́ kó jókòó sílé. Ló bá kúkú ń bọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣiṣẹ́.

Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gba ọ̀rọ̀ sọ lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ bá mi bá a wí, nọ́ọ̀sì. Olóríkunkun ni."

Ìgò kò dun obìnrin náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé eegun.

"Nọ́ọ̀sì, ikùn mi ò jẹ́ kí n tẹ̀ débẹ̀. Ojú mi ń ṣú. Ta ni yóò bá mi wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi? Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́ mi gan-an ni mo bẹ Bàbá Ìbejì yìí kí wọ́n máa bá mi wò ó. Wọ́n ní ọkùnrin kì í tẹ orí ba wo ẹsẹ̀ ìyàwó. Ẹsẹ̀ yìí náà ni mo fi ń dúró wá ohun tí a jọ ń jẹ. Bàtà há mọ́ mi níbi iṣẹ́, ẹ ò bi mí rí. Ká ṣáà dá mi lẹ́bi ló yá gbogbo yín lára."

Nọ́ọ̀sì fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ́ sí ọ̀gá ilé ìtura pé bàtà tó fẹ̀ ni kí wọ́n fún un, ó sì ní dókítà yóò buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ló pe ọkọ súnmọ́ tòsí, ó fi bí wọ́n ṣe ń la àárín ọmọ ìka wò hàn án.

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, tí wọ́n ti délé, ọkùnrin náà gbé àpótí ìjókòó síwájú ìyàwó rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ tí kò légbò lé orúnkún, ó ń wò ó fínnífínní bí ẹni ń máàkì ìdánwò.

"Ibì kan pọ́n lẹ́bàá gìgísẹ̀ níbí," ló sọ wẹ́rẹ́. "Láti ìgbà wo?"

"Ẹni tó bá ń wò ó ni yóò mọ̀."

Obìnrin náà kò dúpẹ́. Ó rọra fa ẹsẹ̀ náà kúrò, ó sì na èyí tí wọ́n fi báńdéèjì wé sí i.