Lọ́fínńdà Lẹ́yìn Oúnjẹ

Sirajudeen kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìyá òun wà nínú gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn ni ní Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, á wọ bọ́ọ̀sì wá sí Jẹ́ddà láti ṣe ògbifọ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò nílé oúnjẹ àwọn ará Tọ́kì kan ní àdúgbò Al-Balad. Àlejò á jẹun, á wo ijó ìbílẹ̀ Tọ́kì, Sirajudeen á sì máa fi gbohùngbohùn ṣàlàyé. Nouf, ọ̀gá wọn, ti là á mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: òṣìṣẹ́ tó bá mú ẹbí rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn, kó máa wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Àfi bí bàálù ìyá rẹ̀, Àlàájà Múríkàtù, ṣe balẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Obìnrin náà ti ṣe àníyàn Úmúrà, ó ti wọ ìhírámù, ìmúra mímọ́ fún ìbẹ̀wò Káábà, láti ojú òfuurufú. Bánkẹ́ ló wá ṣe é fún, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá láìfojú kan Káábà. Kò sì tún lè padà wá mọ́, orúnkún rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Mẹ́kà ni mo wí, n ò wí ijó," ó ní, nígbà tí ọmọ rẹ̀ fà á gba ẹ̀yìn wọlé. "Ẹni tó wọ ìhírámù, kí ló kàn án nínú ìlù àti fèrè?"

"Màámi, ẹ ṣáà jẹun. Wákàtí méjì péré, a ó jọ wọ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lọ́mọ níbí o. Ẹ ṣe bíi pé ẹ ò mọ̀ mí."

Ìyá wò ó títí. "Ó dáa, ọ̀gá," ó ní, ó sì jókòó sí tábìlì ẹ̀yìn láàárín àwọn obìnrin Indonéṣíà. "Ọ̀gá" yẹn dun Sirajudeen, àmọ́ ó gbé e mì.

Wọ́n jẹ ẹran àgùntàn sísun pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Ìlù ńlá dún. Ọkùnrin mẹ́wàá tó wọ ẹ̀wù pupa fi ìka kó ìka, ẹni iwájú ń ju aṣọ ìnujú sókè, ìlà wọn sì dí àárín gbọ̀ngàn láti ògiri dé ògiri. Sirajudeen bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ti kà ní àìmọye ìgbà: "Lẹ́yìn oúnjẹ, àṣà Tọ́kì ni kí wọ́n da lọ́fínńdà ọsàn wẹ́wẹ́ sí àlejò lọ́wọ́…"

Lọ́fínńdà! Yéè! Òun akẹ́kọ̀ọ́ òfin, òun tó mọ̀ pé ẹni tó wọ ìhírámù kò gbọdọ̀ fi òórùn dídùn kan ara! Ojú Nouf nìkan ló ń sá fún nígbà tó ń wá tábìlì. Kò ronú kan ìgò rárá.

Agbáwo ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá méjì tó ró aṣọ funfun ìhírámù, ó tẹrí ba, ó fò wọ́n. Obìnrin ńkọ́? Aṣọ tó bá wu obìnrin ló fi ń wọ ìhírámù, kò sí ohun tí èèyàn máa fi dá a mọ̀. Àwọn ará Indonéṣíà na ọwọ́, wọ́n fi ra ọwọ́. Ọ̀fìnkìn sì ti dí Àlàájà nímú láti inú bàálù, omi ìfọwọ́ ló máa pè é. Ẹ wò ó, ó ti ń ká apá aṣọ sókè!

Sirajudeen mọ ohun tí ìwé sọ: àforíjì wà fún ẹni tí kò mọ̀. Ó tún mọ ìyá rẹ̀. Títí ayé ló máa sọ pé òun ba Úmúrà Bánkẹ́ jẹ́. Ó bẹ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó fẹ́ gba àárín àwọn oníjó kọjá. Wọn ò tilẹ̀ rí i, ijó ti wọ̀ wọ́n lára, èjìká ló tì í padà. Nouf dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Agbáwo gbé ìgò sókè.

Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Màámi! Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò! Lọ́fínńdà ni! Màámi o!"

Ìlù dákẹ́ lójijì. Àlàájà fa ọwọ́ sẹ́yìn, lọ́fínńdà dà sórí tábìlì, ó ta káàkiri.

Nouf rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta nìyẹn?" ó bi í lédè Lárúbáwá.

"Ìyá mi ni."

Nouf kò pariwo. Ó kàn na ọwọ́. Sirajudeen bọ́ káàdì iṣẹ́ lọ́rùn, ó fi gbohùngbohùn lé e, ó kó o fún un.

Nínú bọ́ọ̀sì Mẹ́kà, bí wọ́n ṣe jáde nílùú, ìyá kọjú sí i.

"Iṣẹ́ ti lọ?"

"Ó ti lọ, Màámi."

"Ìwọ lo ní kí n má pè ọ́ lọ́mọ o. Èmi ò wí nǹkan kan." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ imú ọmọ rẹ̀. "Imú mi dí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ta sí mi. Bá mi gbóòórùn rẹ̀. Má sì tìtorí pé mo jẹ́ ìyá rẹ parọ́ fún mi."

Sirajudeen gbóòórùn ọwọ́ ọ̀tún, ó gbóòórùn tòsì, ó tún padà sí ọ̀tún.

"Ẹran àgùntàn ni, Màámi. Ẹran nìkan."

"Búra."

"Mo fi Ọlọ́hun búra."

Omi bọ́ lójú Àlàájà. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó kọjú sí fèrèsé.

"Bánkẹ́," ó ní, "èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ o."