Wàrà Lára Táyà Iwájú

Kí Yanjimaa tó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ tán, Gombo ti bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ti ń fi ẹsẹ̀ ta táyà ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni, àwọ̀ ojú sánmà, oòrùn ti mú un ṣá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ funfun, ó kọjú sí odò. Ní òdìkejì odò, ewé gbogbo igi ti pọ́n, wọ́n ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí atẹ́gùn. Àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn ń kọjá lọ sí gúúsù lókè réré, ohùn wọn sì ń dé ilẹ̀ lẹ́yìn tí ojú ò rí wọn mọ́. Ó ń ṣe Yanjimaa bíi pé ọjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ọkọ̀! Ẹ wo bó ṣe gbé imú sókè! Irú èyí ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó.” Ọkọ àbúrò rẹ̀ ni Gombo, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Aboyún ni mo fẹ́ fi gbé, kì í ṣe ìyàwó. Fi táyà sílẹ̀ jàre. Tó o bá ta á nípàá títí di alẹ́, kò ní bá ẹ sọ̀rọ̀.”

Ọ̀rọ̀ aboyún yìí kì í ṣe àwàdà. Sarnai, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, yóò bímọ nígbà tí òtútù bá mú jù, ẹ̀yìn òkè ni wọ́n sì ń gbé nígbà òtútù, níbi tí yìnyín ti ń dí ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ tí wọ́n yá há sórí òkè náà. Táyà ẹ̀yìn ń yí lásán, táyà iwájú dákẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni Sarnai bímọ sí, ọmọ náà kò sì ké. Láti ìgbà náà ni Yanjimaa ti ń fi oorun gbọ́ ìró táyà tó ń yí lásán. Ó búra pé ọkọ̀ tí òun máa rà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò fi rìn. Ẹṣin eré tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kú ló tà. Kó tó fa okùn rẹ̀ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu ẹṣin náà nímú, kí oríire má bàa bá a lọ, bí àwọn ará ilẹ̀ yẹn ti máa ń ṣe.

Sosor tó ni ọkọ̀ jáde láti inú àgọ́, ó rọra ń rìn, ó na ìgò áṣáà rẹ̀ sí wọn lọ́wọ́ méjèèjì.

“Ṣé ẹran yín sanra?”

“Wọ́n sanra dáadáa, Bàbá. Ṣé ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́ yín lọ́rùn?”

“Ó tẹ́ wa lọ́rùn.” Ó gba áṣáà rẹ̀ padà, ó wo ọkọ̀ náà, ó mí kanlẹ̀. “Ẹ gbọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọkọ̀ yìí ń ṣọ̀fọ̀.”

Gombo bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀fọ̀ kẹ̀? Ọkọ̀ wo ló ní ìyekan, Bàbá?”

“Láti ọjọ́ tí Dulmaa ìyàwó mi ti kú, kò la odò mọ́, kò gun òkè mọ́. Ká sọ pé ó ń gun òkè ni, ṣé màá tà á ni? Ẹ wọlé, ẹ fi ojú ara yín rí i.”

Wọ́n wọlé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ara wọn síwájú. Yanjimaa sọ fún bàbá náà pé ọmọ òun tó lóyún ni òun fẹ́ fi ọkọ̀ gbé. Ẹ́ńjìnì náà dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jẹ́. Pápá náà ń sá wá bá wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, koríko rẹ̀ ti gbẹ, ó ń dán, òórùn efinrin sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Yanjimaa fi orí ti ilẹ̀kùn, oorun fẹ́ gbé e lọ. Ṣé ohun tó rọra tó báyìí lè ní àìsàn? Ó ti ń fẹ́ràn ọkọ̀ náà, ẹ̀rù ìfẹ́ yẹn sì ń bà á.

Létí odò, Sosor dúró. Ó mú ike wàrà àti ṣíbí igi kan lẹ́yìn ìjókòó, ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ́n wàrà sí táyà iwájú ti ọ̀tún, ó wọ́n sí ti òsì, ó sì ń kùn lábẹ́ ẹnu bí ẹni ń tu ọmọdé lójú. Ó padà wọlé, ó fa ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó ń mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà, ó wọ omi. Wọn kò tíì lọ jìnnà tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú òkúta wẹ́wẹ́, tí omi ń ta sókè. Ìró tí Yanjimaa mọ̀ gan-an nìyẹn, ó sì di ikùn ara rẹ̀ mú láìmọ̀. Bàbá náà fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ jáde.

“Ẹ rí i? Wàrà màlúù kan náà tí Dulmaa ń fún un ni. Kò gbà á lọ́wọ́ mi.”

“Báwo ni Màmá ṣe máa ń ṣe é?” Yanjimaa ló bèèrè.

“Tí mo bá ti dúró báyìí, á bọ́ sílẹ̀. Á lọ sí iwájú lọ́tùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á lọ sí òsì, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pẹ́! Èmi á máa pariwo, ‘Dulmaa, ṣé odò lò ń fún lóúnjẹ ni?’ Á kàn rẹ́rìn-ín ni, á ní, ‘Máa wa ọkọ̀ ẹ, ọ̀gá awakọ̀.’ Tá a bá dé òdìkejì tí ilẹ̀ le, á tún bọ́ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Kò sí odò tí a kò là nígbà yẹn.”

Nígbà tí wọ́n padà dé àgọ́, Yanjimaa ní kí àwọn ọkùnrin lọ mu tíì, kí wọ́n fi òun àti ọkọ̀ sílẹ̀. Bàbá tó bí i wa ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn darandaran títí ojú rẹ̀ fi bàìbàì, ohun tó sì kọ́ ọ ni pé ojú ọkọ̀ lèèyàn ń wò gbẹ̀yìn. Nítorí náà, ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó mú òkúta kékeré, ó ń kan egungun ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń tẹ́tí. Níbi tí irin bá ti jẹrà, tí wọ́n kùn ún lọ́dà láti fi tan èèyàn, á dún bọ́bọ́bọ́. Èyí ń dún gooro. Ìpẹtà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orí awọ ló mọ. Ó fi ọwọ́ mi ọ̀pá tó lọ sí iwájú àti èyí tó lọ sí ẹ̀yìn, wọn kò mì jù. Ó wo ibi tí ọ́ìlì lè máa jò, ó rí òógùn díẹ̀, bí ti ẹnikẹ́ni tó ti dàgbà.

Ibẹ̀ tutù. Koríko ń rùn, ọ́ìlì ń rùn, odò ń sọ̀rọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Yanjimaa ní kí òun dijú díẹ̀. Bóyá ó sùn, bóyá kò sùn, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó ṣá rí bàtà awọ méjì, bàtà obìnrin, wọ́n gba inú koríko wá láìdún, wọ́n dúró síwájú táyà ọ̀tún. Eékún kan kan ilẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà bàtà yẹn rọra yí lọ sí òsì. Nígbà tí Yanjimaa lajú, ewé gbígbẹ nìkan ló wà níbi tí bàtà ti dúró.

Ó jáde, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì. Ó dúdú bó ṣe yẹ, kò funfun bíi tíì oníwàrà, nítorí náà omi kò wọ ẹ́ńjìnì. Ó jókòó sídìí sítíárì, ó fa ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yí sítíárì dé òpin, ó ń yípo lórí ilẹ̀ líle tó wà lẹ́yìn àgọ́. Ọkọ̀ náà yí mìnìjọ̀, bí àlá. Inú rẹ̀ dùn. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí adùn rẹ̀ lásán, àgọ́ ń kọjá, odò ń kọjá, àgọ́ tún ń kọjá. Ìgbà náà ni ohùn bàbá rẹ̀ sọ sí i létí: “Tó o bá fa ọ̀pá yẹn, tó o wá ṣẹ́ kọ́nà lórí ilẹ̀ líle, ó gbọ́dọ̀ bá ẹ jà. Èyí tí kò bá jà, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn.”

Inú rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ ti táyà ọ̀tún, níbi tó ti rí bàtà. Láàárín táyà gan-an, lábẹ́ ẹrẹ̀, irin roboto kan wà tó ní etí méjì, wàrà sì ti gbẹ mọ́ ihò ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un rí pé àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀pá inú ọkọ̀ nìkan kò tó, àfi kéèyàn bọ́ sílẹ̀ fi ọwọ́ yí nǹkan lójú táyà iwájú kí wọ́n tó lè fà. Ó fi èékánná họ ẹrẹ̀ kúrò, ó di etí méjèèjì mú, ó yí i. Ó dún kẹ́. Ó yí ti òsì náà.

Nígbà tó tún ṣẹ́ kọ́nà, ọkọ̀ náà bá a jà. Ó ń kérora, ó ń ha ilẹ̀, sítíárì fẹ́ já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Yanjimaa bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan, títí omijé fi jáde lójú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n!” Gombo ti jáde, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ohun tí kì í ṣe rí. “Mo rí yín. Ó dìde, àbí?”

Yanjimaa lọ yí irin méjèèjì padà bó ṣe wà, kó tó dá a lóhùn. “Kò kú rí. Màmá ló ń yí i nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá rò pé wàrà ni.”

“Ẹ pa ẹnu yín dé o! Torí pé Bàbá rò pé ọkọ̀ ń ṣọ̀fọ̀ ló ṣe fẹ́ tà á. Ta ló ń ta ẹṣin tí ara rẹ̀ dá? Òótọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ẹ rántí Sarnai o.”

“Sarnai kọ́ ni mò ń rántí láti àárọ̀? Dákẹ́, Gombo.”

Yanjimaa kò mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó kàn mọ̀ pé òun fẹ́ rí ọkọ̀ náà nínú omi. Ó wọ àgọ́ lọ, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún dé odò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ẹ wà á, èmi ni màá fún un ní wàrà.” Wọ́n fi Gombo sílẹ̀ sétí odò kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ó sì jókòó ti òkúta kan, inú ń bí i.

Yanjimaa bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ike wàrà. Ó wọ́n ọn sí táyà ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀, ó yí irin. Ó lọ sí òsì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọkọ̀ náà wọ odò. Ó mì tìtì, táyà iwájú di òkúta mú, ó fa ara rẹ̀ lọ, táyà ẹ̀yìn tì í. Omi ń lu ilẹ̀kùn, ó ń dán lójú bí ẹgbẹ̀rún ẹja, etí odò tòdìkejì sì ń sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ bíi pé ilẹ̀ ló ń rìn. Wọ́n gun òkè gbágungbàgun náà, wọ́n dé abẹ́ àwọn igi tó pọ́n. Sosor pa ẹ́ńjìnì. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún.

“Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ,” ó ní. “Ìwọ ló yàn. Máa mú un lọ, ọmọ mi. Máa mú un lọ.”

Ó parí nìyẹn. Kò sí ohun tó kù kó ṣe ju kó dúpẹ́. Sarnai ti ní ọkọ̀, òkè ti ṣí. Yanjimaa la ẹnu, ó rí bàbá arúgbó náà níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín sí òun, ẹni tí ọkọ̀ ara rẹ̀ kọ wàrà ọwọ́ rẹ̀, tí yóò sì gbé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn wọ sàréè. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé ó bínú sí i.

“Bàbá, ẹ bọ́ sílẹ̀.”

Ó fi irin náà hàn án. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ṣàlàyé. Sosor ń wo irin náà. Ewé ń bọ́ lé fìlà rẹ̀.

“Ọjọ́ tá a ra ọkọ̀ yìí,” ó ní níkẹyìn, “inú àgọ́ ni mo wà, à ń mu wàrà ẹṣin. Dulmaa ló wà níta lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wa. Mo gbọ́ tó ń fi nǹkan hàn án. Mo pariwo pé kó má dá obìnrin dúró, kí ló mọ̀ nípa ọkọ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já. “Gbogbo odò yẹn! Nínú òtútù yẹn! Ó ń pè mí ní ọ̀gá awakọ̀!”

Yanjimaa wò ó lójú. “Ara ọkọ̀ yín le, Bàbá. Tẹ́ ò bá tà á mọ́, mi ò ní bínú.” Irọ́ ni. Yóò bínú títí ọjọ́ ikú. Àmọ́ ó ti sọ ọ́.

Sosor wo odò, ó wo ọkọ̀. “Ta ni yóò máa bọ́ sílẹ̀ fún mi? Ìbàdí mi ò lè tẹ̀ débẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ẹni méjì ni.” Ó mi orí. “Ìwọ àti ọmọ rẹ, ẹ jẹ́ méjì. Ẹ máa tó di mẹ́ta.”

Ní òdìkejì, Gombo ti dìde, ó ń ju apá, ó ń kígbe pé ṣé wọ́n ti gbàgbé òun ni. Sosor di táyà mú, ó rọra tẹ ìbàdí tí kò lè tẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú òkúta wẹ́wẹ́. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ gígùn bo ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu irin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí imú ẹṣin, níbi tí ìka ìyàwó rẹ̀ ti máa ń wà. Nígbà tó nu ti ọ̀tún tán, ó fi ọwọ́ ti ara ọkọ̀ lọ sí òsì, ó tún kúnlẹ̀.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Yanjimaa gbé ike wàrà dání, ó dúró dè é, kò pariwo pé ṣé odò ló ń fún lóúnjẹ.