Igi Tó Fẹ́ Ká Gbàgbé Òun

Wọ́n ní òru ni òkú máa ń rìn. Tilé wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni tiwa, nígbà tí oòrùn bá ti lé gbogbo èèyàn kúrò ní títì, tí ajá ti wọ abẹ́ mọ́tò lọ sùn, tí kò sí ohùn mìíràn nínú ilé ju ti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn lára ògiri pálọ̀ bí àgbàlagbà tó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún ara rẹ̀. Mo ti darúgbó báyìí. Ilẹ̀ olótùútù ni mo ti ń lo ìyókù ọjọ́ ayé mi. Síbẹ̀, bí fìríìjì ilé mi bá kùn lọ́sàn-án, mo ṣì máa ń bojú wẹ̀yìn.

Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé ẹ̀rọ náà wá. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Wáyà. Nígbà tí àìsàn ìyá wa le, tó ń sọ ṣáá pé ooru ń mú òun, Wáyà gun àkàbà, ó lu ògiri, ó gbé ẹ̀rọ náà kọ́ sókè fèrèsé, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ò ní làágùn mọ́ láyé yín." Kò sì làágùn mọ́ lóòótọ́. Inú òtútù yẹn ló kú sí, lórí àga gígùn, pẹ̀lú ìbora títí dé àgbọ̀n, tó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé òun náà ti di olówó tí ń bora lọ́sàn-án.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá kò jẹ́ ká pa ẹ̀rọ náà. Télọ̀ ni Bàbá. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n téèpù ìwọnṣọ kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Á jókòó ti àga gígùn yẹn, pẹ̀lú súwẹ́tà, fèrèsé ní títì, kọ́tìnì ní fífà. Bí èèyàn bá ní, "Bàbá, òtútù yìí mà pọ̀ o," á dáhùn pé, "Ooru ń mú ìyá yín." Ó máa ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún yín pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Igi inú ìkòkò ni ìyá wa sọ di ọmọ nígbà tí àwa ọmọ ti fò lọ tán. Èyí tí ewé rẹ̀ rí wẹ́wẹ́ bí irun wà, èyí tó ń fà mọ́ ògiri wà, èyí tó ń yọ òdòdó funfun náà wà. Ó máa ń sọ pé pálọ̀ tí kò ní ewé kò yàtọ̀ sí ibi tí a ti ń dúró de dókítà. Ọ̀rọ̀ kan tó sọ fún Bàbá nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ fún un ló wá di ẹrù: "Níwọ̀n ìgbà tí ewé tútù bá ṣì wà nínú pálọ̀ yìí, mo wà níbẹ̀." Bóyá àwàdà ni, bóyá òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó bi í. Bàbá di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tó já sí kànga ṣe ń di okùn mú.

Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́ igi. Ó tutù, ó tún gbẹ. Eléwé wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó gbọn gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń fà mọ́ ògiri jáwọ́ lára ògiri. Olódòdó funfun tẹrí ba, kò sì gbé e sókè mọ́. Nígbà tí mo fi máa ti ìrìn-àjò dé láti wá bá Bàbá gbé fún ìgbà díẹ̀, ìkòkò òfìfo ló kù nílẹ̀, àti Bàbá fúnra rẹ̀, tí ẹ̀wù ń ṣe fàkàfàkà lọ́rùn rẹ̀, òun tó jẹ́ pé aṣọ kì í tóbi ju ẹni tó bá rán an fún.

Àǹtí Kékeré, àbúrò ìyá wa, tó ń se oúnjẹ fún un, fà mí wọ kíṣìnnì.

"Kò jẹun mọ́. Tí mo bá gbé e síwájú ẹ̀, á ní kí ni òun ń jẹun dè."

Wáyà, tó máa ń yà jẹun lọ́sàn-án tó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, fi ṣíbí lu àwo. "Mo máa mú Bàbá lọ sílé mi ni, ká ti ilé yìí pa. Nǹkan alààyè wo ló kù níbí?"

Àṣé Bàbá ń gbọ́ láti pálọ̀. "Ẹ wá síbí!" A lọ. Kò gbójú sókè. "Ẹ wá ewé kan tó lè yè níbí fún mi. Tó bá yè títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ẹ óò fi mí sílẹ̀ síbí pẹ̀lú ìyá yín. Tí kò bá yè, ìyá yín ti lọ pátápátá nìyẹn. Kẹ́ ẹ gbé mi síbi tó bá wù yín. Òkú ò mọ iye tí wọ́n ra àgọ̀."

Báyìí ni wíwá igi ṣe di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Obìnrin kan wà lẹ́bàá títì tó ń ta igi àti òdòdó lábẹ́ àwọ̀n dúdú. Máfọwọ́kàn ni àdúgbò sọ ọ́. Mo débẹ̀, mo na ọwọ́ sí ewé kan, mo sì mọ ìdí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ṣé aṣọ ni, tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ bó nípọn?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Igi inú ilé ni mò ń wá. Ilé tí éésì kì í sinmi, tọ̀sán-tòru."

"Ta ni wọ́n kó síbẹ̀, ẹja dídì?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó bi mí léèrè ìmọ́lẹ̀. Mo ní fèrèsé kan ni, kọ́tìnì sì máa ń wà lójú ẹ̀. Ó bi mí ta ló máa tọ́jú igi náà. Mo ní bàbá mi ni.

"Ṣé wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan?"

"Bàbá mi? Wọn kì í gbàgbé ohunkóhun."

"Hẹ̀n. Wàhálà wà níbẹ̀ yẹn." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìkòkò kan jáde láàárín àwọn yòókù. Ọ̀já ìkookò ni: ewé gígùn, líle, ó nà gbọnrangandan bí idà, ìlà dúdú wà lára rẹ̀ bí ti ejò. "Èyí kì í ṣe àkẹ́bàjẹ́. Òtútù ò bá a jà. Òkùnkùn ò bà á lẹ́rù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ó ti bá a pàdé nínú ayé rí. Ẹ ṣáà má gbé e sí ẹnu éésì gan-an, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa rí fèrèsé díẹ̀. Omi nìkan ló lè pa á. Ìgbà tí iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ dénú dénú ni kẹ́ ẹ tó fún un, kẹ́ ẹ tún padà lọ gbàgbé ẹ̀. Mo mọ ilé tí wọ́n ti rìnrìn-àjò, tí wọ́n dé bá a pé ó ti bímọ. Igi tó fẹ́ ká gbàgbé òun ni. Tí wọ́n bá kẹ́ ẹ, ẹ máa sin ín."

Bí Bàbá ṣe rí i, ó yọ téèpù lọ́rùn. Ó wọn ibi tí ẹnu ẹ̀rọ ti ń fẹ́ dé ibi tí ìkòkò máa wà, ó fa kọ́tìnì sẹ́yìn díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí oòrùn wọ pálọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Lẹ́yìn náà ó wọn ewé tó ga jù, bí ẹni ń wọn oníbàárà. Láràárọ̀ ló ń wọ̀n ọ́n. "Oníbàárà mi ti ga sí i o! Ṣòkòtò ẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́." Ó tún ń jẹun. Àǹtí Kékeré ń gbé àwo òfìfo jáde bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Ọ̀sán kan ni Bàbá pè mí.

"Wá fọwọ́ kan ibí."

Iyẹ̀pẹ̀ tutù rinrin.

"Bàbá, ta ló bomi rin ín?"

"Ìwọ ni mo fẹ́ bi."

Èmi kọ́. Àǹtí Kékeré fi ọwọ́ láyà, ó ní òun ò débẹ̀. Wáyà kò tilẹ̀ mọ àwọ̀ igi náà. Mo ní bóyá ẹ̀rọ ló ń jò. Wáyà gun àkàbà, ó tú u, ó fi ìka nu ìdí rẹ̀ fún wa: ó gbẹ táútáú. "Omi éésì ń gba ìta lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìnkùlé, ọpọlọ ti ń wẹ̀ níbẹ̀." A rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, bí oòrùn ṣe kúrò ní àtàrí, iyẹ̀pẹ̀ tún tutù.

Ọ̀sán mìíràn, mo wà ní yàrá, mo gbọ́ ìró ife lórí tábìlì ní pálọ̀. Kì í ṣe bí a ṣe ń gbé ife kalẹ̀ lásán. Bí a ṣe ń dojú rẹ̀ dé ni: kọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá wa nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ìró yẹn. Nígbà tí mo fi jáde, Bàbá sùn lórí àga rẹ̀. Ife tánganran ìyá wa wà lórí tábìlì, ó dojú dé. Omi ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ lára ewé. Òtútù ẹ̀rọ wà lára mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù mìíràn ló mú irun ara mi dìde.

Mi ò sọ ọ́ fún Bàbá. Kò sì sí ohun tí mo fẹ́ sọ tí kò tíì mọ̀. Ó ti ń kí àga gígùn náà: "O ṣé o. O kú iṣẹ́."

Ìdí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ọ̀kan dà wó, òmíràn tẹ̀ lé e. Téèpù Bàbá ń sọ ìròyìn burúkú láràárọ̀, Bàbá sì ń gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Àwo oúnjẹ tún ń padà wọ kíṣìnnì bó ṣe jáde.

"Àkọ́bí mi," ó ní, "ìyá yín mọ̀ pé omi ló ń pa igi yìí. Kò sí igi tí kò mọ̀. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ rì í ni. Ó fẹ́ kí n máa bọ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé kíṣìnnì.

Ọjọ́ tí ìkùukùu kọ́kọ́ ṣú ni Wáyà wọlé pẹ̀lú òógùn iṣẹ́. Mo ti sọ ohun tí Bàbá wí fún un. Ó bu omi nínú ìkòkò omi, ó gbé ife rẹ̀ wọ pálọ̀, èmi àti Àǹtí Kékeré sì tẹ̀ lé e, ó dúró sáàárín àga àti igi, ó mu díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Kò sẹ́nì kankan níbí. Ìyá wa ti lọ. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Òkú kì í bomi rin igi!"

Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ wà lójú Bàbá, ọwọ́ rẹ̀ yí. Ìyókù omi inú ife ṣàn sínú ìkòkò igi. Ó gbọn ife náà kí ẹ̀kán tó kẹ́yìn lè bọ́, ó na ọwọ́ sí tábìlì láìwò ó, ó dojú rẹ̀ dé. Kọ̀ọ́.

Gbogbo wa ń wò ó. Ẹ̀rọ nìkan ló ń kùn.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ni Wáyà bi wá.

"Ọwọ́ ẹ," ni Àǹtí Kékeré wí.

Ibi tí omi ti jìnnà ni wọ́n bí ìyá wa sí. Omi tí ẹnu bá ti kàn kò ṣeé dà padà sínú ìkòkò omi. Omi tí a sì fi orí rù wálé kò ṣeé dà nù. "Ẹ fún igi mi mu," ló máa ń wí, àwa kékeré á sì da ìṣẹ́kù sí ìdí igi tó bá sún mọ́ wa, a ó gbọn ife, a ó dojú rẹ̀ dé kí eṣinṣin má bà lé e. A ti ń ṣe é kí a tó mọ̀ pé à ń ṣe é. Àwọn igi ìgbà náà, ọ̀mùtí ni wọ́n, kò pa wọ́n lára. Gbogbo ẹni tó bá ti mumi ní pálọ̀ yẹn lọ́sàn-án, Wáyà, Àǹtí, èmi, Bàbá pàápàá, la jọ ri igi kan ṣoṣo tó ní ká gbàgbé òun.

Àǹtí Kékeré yí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n bá ẹrù ẹlẹ́rù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rò pé Bàbá máa wó lulẹ̀. Ó dìde ni. Ó di ọwọ́ Wáyà mú níbi ọrùn ọwọ́, bí a ṣe ń dì í mú láti wọn apá ẹ̀wù, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Orí àga ni mo ti ń wá a," ó ní. "Kì í ṣe pé ó ń pè mí, àbí?"

"Rárá, Bàbá," ni Wáyà wí. Ó ti ń sunkún.

"Ó ti bá yín lọ. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń mumi ló wà."

Ó rìn dé ògiri, ó pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dún létí wa. Ooru wọlé bí àna tí a kò pè, ó jókòó sórí gbogbo àga. Bàbá bọ́ súwẹ́tà. Ó ní kí Àǹtí bu oúnjẹ wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó fa igi náà tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti rà, ó ń rùn. Ewé kan ṣoṣo ló ṣì le. Ó mú síṣọ́ọ̀sì iṣẹ́ rẹ̀, ó gé e sí abala bí ẹni ń gé aṣọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ sàmì sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí abala tí a bá gbìn ní ìdojúdé kò ní hù. "Ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó rì í mọ́lẹ̀," ó ní. Ó wé tèmi sínú àjákù aṣọ. Lẹ́yìn náà ló wo Wáyà. "Àdéhùn ni àdéhùn. Òjò ò tíì rọ̀, igi ò sì yè. Lọ gbé mọ́tò ẹ wá. Ṣùgbọ́n nílé tìẹ, fèrèsé la máa ṣí."

Ó pẹ́ nílé Wáyà kó tó lọ bá ìyá wa.

Abala tèmi hù. Ó wà lójú fèrèsé mi níbí, nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń kùn, ó sì ti bímọ, ọmọ rẹ̀ ti bímọ. Mo mọ òfin rẹ̀. Bí mo bá mumi tán, ọwọ́ mi á lọ sókè ìkòkò, á dúró, màá fà á padà, màá da ìṣẹ́kù sínú síńkì, á sì dùn mí bí ẹni pé mo lé èèyàn kúrò nílé. Mò ń dá gbé. Síbẹ̀, ọ̀sán kan wà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí màá fi ìka kan iyẹ̀pẹ̀ yẹn, tí màá bá a tó tutù rinrin, tí ife á sì dojú dé lórí tábìlì.

N kì í bẹ̀rù mọ́. Màá kàn bá ọwọ́ náà sọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹni yòówù kó jẹ́, pé ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀.