Omi Tí A Kò Dà Nù

Ife oògùn kejì ni bàbá náà ń dà sínú omi nígbà tí àwọ̀ omi yí padà. Kò pariwo, kò hó. Ibi tí oògùn bọ́ sí kọ́kọ́ dúdú díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ki àpò tíì bọ inú omi gbígbóná, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn. Ó ràn dé orí àtẹ̀gùn, ó ràn dé àárín. Kí bàbá náà tó fi ìdérí dé kẹ́ẹ̀gì búlúù ọwọ́ rẹ̀ tán, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Bàbá náà dúró síbẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mọ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń rí nígbà tí ayùn bá ti gba ibi tí kò yẹ kọjá.

Ní Ọjọ́rú ni omi náà ti kọ́kọ́ pọ́n báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù, tí gbogbo ilé ń pè ní Àbíkẹ́yìn, ló da kilorínì sí i lọ́jọ́ náà, ó sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò pọ́n. Ó ní oògùn àtijọ́ tó wà nínú omi àti kilorínì kì í bára wọn gbé. Èyí tuntun gbọ́dọ̀ jẹ èyí àtijọ́ tán kí omi tó mọ́. Lọ́jọ́ kejì omi di àwọ̀ ewé. Láàárọ̀ òní, ọjọ́ Sátidé, ó funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Àbíkẹ́yìn wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó kù díẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ lọ ra yanrìn tuntun tí yóò kó sínú táǹkì asẹ́ tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú omi náà.

Funfun yẹn ni bàbá kò lè gbà. Nígbà ayé ìyá àwọn ọmọ, bí omi bá ti funfun, àìsàn ló ń ṣe é nìyẹn. Ìyá náà á da oògùn inú kẹ́ẹ̀gì búlúù sí i lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi náà á ti mọ́. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ó sì ti gbé e pamọ́ sẹ́yìn àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ohun mìíràn sì ń lé e. Àkọ́bí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ti sọ ọ́ gbangba pé bí omi náà kò bá mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lọ́jọ́ Ajé ni òun yóò kó ọkọ̀ iyẹ̀pẹ̀ wá, wọn á sì dí adágún náà pa.

Kò sí ẹni tó lè dá Àkọ́bí lẹ́bi. Ilé ìtajà kò ta oògùn kẹ́ẹ̀gì búlúù náà mọ́. Yànmùyánmú ti ń pọ̀. Ẹni tó máa ń tún adágún ṣe ti wá, ó ti sọ ọ̀nà tó yá jù: ẹ da omi yìí nù, ẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ rọ omi tuntun, kí ẹ fi kilorínì bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní rárá, kò sí ẹni tí yóò da omi náà nù. Wọ́n bi í nídìí. Ó ní òun ti sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yìn ló ń dun ìyá náà nígbà ayé rẹ̀, dókítà sì ní kí ó máa lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kilorínì a máa mú ara rẹ̀ yún, ojú rẹ̀ a sì pọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú oògùn búlúù, tí kò ní òórùn. Láràárọ̀ ni yóò wọ inú omi, tí yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀, jẹ́jẹ́, láìta omi sókè. Bí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́, ọkọ rẹ̀ a máa pè é ní Ẹja.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé dún.

"Ẹ kúulé o, Bàbá!"

Àbíkẹ́yìn ń ti bárò tó kún fún àpò yanrìn bọ̀ títí dé etí omi. Ó dúró. Ó wo omi, ó wo kẹ́ẹ̀gì búlúù. Aṣerunlóge ni, bí oníbàárà bá ti ń wọlé ni ó ti ń mọ ohun tí wọ́n fi ba irun náà jẹ́ nílé. Bàbá retí ariwo. Ó ti múra ohùn tí yóò fi dá a lóhùn.

"Ife mélòó lẹ dà sí i?"

"Ife kan."

Àbíkẹ́yìn ṣì ń wò ó.

"Méjì," ni bàbá wí.

"A dúpẹ́ tí kò pé mẹ́ta." Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Oníbàárà mi kan wà bẹ́ẹ̀. Mo fi oògùn sí i lórí, mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Kí n tó yíjú padà, ó ti yọ tilé ẹ̀ nínú báàgì, ó ti pò ó mọ́ tèmi. Orí ẹ̀ di àwọ̀ ọsàn. Àṣé bàbá mi ni yóò gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀."

"Mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Àbíkẹ́yìn wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ó fi aṣọ bo imú, ó sì kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ó kọ́kọ́ bu omi sí korobá kí ó tó bu kilorínì sínú rẹ̀, ó fi igi rò ó, ó wá ń rìn yí etí adágún ká, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bomi rin òdòdó. Nígbà tí ó ṣe tán, ó pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó ṣí táǹkì asẹ́, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé èjìká. Ìjà oògùn méjèèjì ti sọ yanrìn inú rẹ̀ di ohun tó lẹ̀ mọ́ra bí àtè. Àbíkẹ́yìn ń fi ife bù ú jáde. Kò kánjú. Kò wo aago. Nígbà tí ó kan ìdí páìpù, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń fi ìka lásán wá yanrìn tó há sí abẹ́ rẹ̀.

Bàbá jókòó sórí àga onípákó tí òun fúnra rẹ̀ kàn sétí omi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbogbo ọmọṣẹ́ tó kọ́ níṣẹ́ ló gbọ́ òwe náà lẹ́nu rẹ̀, ariwo ni ó sì máa ń fi pa á mọ́ wọn létí. Òní ni ó ń rí ẹni tó ń ṣe é.

Ó dìde, ó gbé àpò yanrìn tuntun kan.

"Ẹ dúró ná, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n pọn omi sí i dé ìdajì, kí yanrìn má baà já lé páìpù lórí."

"O ń pàṣẹ bí ìyá rẹ."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Màámi ní ẹ̀yin ni mo jọ."

Àbíkẹ́yìn pọn omi sí i dé ìdajì. Bàbá da yanrìn náà, ó rọra dà á.

Wọ́n ti tan ẹ̀rọ padà nígbà tí fóònù dún. Àkọ́bí ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Rárá, ẹ má tíì wá wò ó, kò tíì mọ́. Èmi ni mo ṣi oògùn dà, èmi ni kí ẹ bínú sí... Ẹ̀gbọ́n, a ò ní da omi Màámi nù. Rárá o."

Bàbá gbé ojú sókè. Omi Màámi. Òun kò pè é bẹ́ẹ̀ létí ẹnikẹ́ni rí.

"Gbé e wá," ó wí, ó sì na ọwọ́. Ó gbé fóònù sétí. "Èmi nìyí. Àbíkẹ́yìn kò ṣi nǹkan kan dà. Èmi ni mo da oògùn ìyá rẹ sí i nígbà tí Àbíkẹ́yìn kò sí nílé. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ó ń tún un ṣe lọ́wọ́. Má kó iyẹ̀pẹ̀ wá."

"Ó dáa, Bàbá," ni Àkọ́bí wí. "Ẹ jẹ́ kó ṣe é."

Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, Àbíkẹ́yìn bu omi adágún sínú ìgò kékeré kan, ó kán oògùn àyẹ̀wò sí i, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Omi inú ìgò náà pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kò sì parẹ́.

"Ó dúró! Kilorínì ti ṣẹ́ kù. Ó ti jẹ èyí tí ẹ dà tán."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi. Àwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀, ìsàlẹ̀ kò sì hàn. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ hàn, níbi tí ẹsẹ̀ kan máa ń dúró sí láràárọ̀ kí èkejì tó wọlé. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ́ẹ̀gì búlúù fún ọmọ rẹ̀.

"Gbé e kúrò níbí."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àbíkẹ́yìn gbé e lọ.

Bàbá padà sórí àga. Ẹni tó ń tún adágún ṣe ti bi í nídìí tí kò fi ní da omi nù. Àkọ́bí ti bi í, ìyàwó Àkọ́bí ti bi í, aládùúgbò ti bi í láti orí ògiri. Ó wá ń rántí ọjọ́ tí Àbíkẹ́yìn dé, tí ó gbọ́ pé bàbá òun ní kí wọ́n má da omi náà nù. Àbíkẹ́yìn kò bi í nídìí, ó ti yọ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní, "Ibo ni korobá wà?"

Bàbá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò yíjú padà. Ó sún díẹ̀ lórí àga náà, kí àyè lè wà.