Ọmọ Tí Ọ́fíìsì Fẹ́ Sọ ní Déédéé

Orúkọ kan ṣoṣo ló kù lápò wẹ́dà kan tó ń jó irin, bó bá sì tàsé, ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ ni yóò sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Òfin ìlú wọn ni. Ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n ń gbà fún bàbá tó bá fẹ́ dá orúkọ tẹ́nì kan ò jẹ́ rí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà, èyí tí ọ́fíìsì tọ́jú sílẹ̀ ni wọ́n ó fún ọmọ. Tọdún yìí ni Déédéé.

"Déédéé kẹ̀?" Wẹ́dà ń kùn. "Èmi tí mo wá ọmọ títí kí n tó rí i? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ẹ má dá a lẹ́bi o. Nígbà tó wà nílé ìwé, àwọn mẹ́rin ló ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú kíláàsì. Ẹgba tó tọ́ sí ẹlòmíràn, ẹ̀yìn tirẹ̀ ló máa ń bọ́ sí. Ló bá búra pé ọmọ tòun ò ní bá ẹnikẹ́ni pín orúkọ láyé.

Àmọ́ akọ̀wé onígíláàsì tó jókòó nídìí tábìlì ọ́fíìsì náà, obìnrin tí kò gba gbẹ̀rẹ́ ni. Ó máa ń ṣí fèrèsé, á ní kí bàbá fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ náà sí títì, bí ẹni tó ń pe ọmọ wálé. Bí àwọn èèyàn bá ti fi rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ́gi lé e nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wẹ́dà kọ́kọ́ nahùn, ó ní, "Irindọ̀kan o!"

Oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì títì ké sókè, "Ṣé ọmọ ni àbí géètì?" Ni gbogbo títì bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó tún pe "Ọ̀gágun!" Ọlọ́pàá tó ń tòògbé lẹ́nu ọ̀nà fò dìde, ó kan sáré na ara ró gbagidi. Akọ̀wé ní, "Oyè nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. A kì í fi oyè sọ ọmọ níbí."

Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ẹ jẹ́ n padà wá lọ́la."

"Òní ló pin."

Ó wo ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, tí ọmọ tuntun ń ké lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ọmọ tó fẹ́ràn tó báyìí, òun náà ló fẹ́ di Déédéé rù.

Ìyàwó ní, "Bàbá ọmọ, láti àárọ̀ lẹ ò ti bi mí léèrè nǹkan kan. Orúkọ wo lẹ máa ń pè é kí n tó bí i?"

"Èmi? Mi ò pè é lórúkọ kankan."

"Irọ́ ni. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bó bá ti ń ta mí nípàá, ẹ ó gbọ́wọ́ lé ikùn mi, ẹ ó ní, 'Rọra, ọ̀rẹ́ mi. Rọra.' Ó sì máa ń dákẹ́."

Wẹ́dà rò ó wò. Rọra? Orúkọ ńlá ńlá lòun ń wá kiri! Ṣùgbọ́n kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Ó yọ orí síta.

"Rọra! Rọra o!"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì kàn gbójú sókè, ó dúró. Nínú yàrá lẹ́yìn wẹ́dà, igbe ọmọ dá wáí.

Akọ̀wé yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ tún un pè."

Wẹ́dà yíjú sínú, ó pè é jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń pè é nílé. Ọmọ náà yí orí, ó ń wá ibi tí ohùn ọ̀hún ti ń bọ̀.

"Kí la wá ń bára wa fà sí?" Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ gbàà. "Ọmọ yìí ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa."

Wẹ́dà gba ọmọ, ẹkún àti ẹ̀rín gbà á lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọ̀rẹ́ mi," ló ń wí, "àṣé o ti ń gbọ́ mi látọjọ́ yẹn?"