Ojú Kò Hàn Nínú Fọ́tò

"Wọ́n tún ti dá a padà, mà."

Ọmọbìnrin náà na fóònù sí ìyá rẹ̀ kọjá òkìtì aṣọ ìtẹ́bùsùn. Ìyá nu ọwọ́ mọ́ ara aṣọ, ó gba fóònù, ó ka ọ̀rọ̀ pupa tó wà lábẹ́ àwòrán: *Ojú kò hàn. Ẹ fi òmíràn ránṣẹ́.* Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín wákàtí kan. Nínú èyí àkọ́kọ́, ẹnu gbàgàdà fèrè idẹ ló bo ojú ọmọ. Nínú ìkejì, ìyá fa fìlà ẹgbẹ́ olórin wálẹ̀ dé imú rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà yìí, ó ní kí ọmọ kẹ̀yìn díẹ̀, kó máa wo fèrèsé.

Aago mẹ́ta ti kọjá. Bó bá ti lu mẹ́rin, ìkànnì ẹgbẹ́ olórin ilé ẹ̀kọ́ kò ní gba nǹkan kan mọ́. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ àti fáìlì orin rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ kò ní bá wọn lọ síbi ìdíje lọ́jọ́ Sátidé. Fáìlì orin ti wọlé láti àárọ̀. Fọ́tò ló kù.

"Àbí kí wọ́n kúkú ya tèmi?" Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló sọ bẹ́ẹ̀, nídìí ẹ̀rọ tó fi ń lọ aṣọ. Òun àti ìyá ọmọ náà ni wọ́n jọ ń fọ aṣọ ọsibítù yìí. "Ojú tèmi tó fẹ̀ bí àtẹ yìí, bí wọn ò bá rí i, a jẹ́ pé ẹ̀rọ wọn ló fọ́jú!"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ tó rẹwà báyìí, ẹ wá ń fi í pamọ́ bí ẹran inú ìkòkò. Kí ló dé gan-an, Ìyá Onífèrè?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

Nǹkan wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tòun tọmọ jáde nílé ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, etí òsì rẹ̀ ń hó láti ibi ìgbájú tí ọkùnrin náà gbá a. Etí ọ̀hún ò gbọ́ nǹkan mọ́ títí dòní. Bí ọmọ bá ń fọn fèrè nílé, etí ọ̀tún ni ìyá máa ń kọ sí i. Ohun tí etí òsì gbọ́ kẹ́yìn kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí: "Ibi yòówù kẹ́ ẹ wọ̀ sí, màá rí yín." Ìlú méjì ni wọ́n ti sá kúrò kí wọ́n tó dé ìhín. Báàgì náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ẹrù nínú.

Ó pe tíṣà olórin.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò lè lọ láìsí fọ́tò?"

"Ẹ má bínú, mà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló wà ni, ǹ bá ti gbà á. Ẹ̀rọ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àmọ́ ojú rẹ̀ ṣáà ti wà lórí ìkànnì. Ṣé ẹ ò tíì rí fọ́tò ọjọ́ ìdánrawò ni? Àárín gbùngbùn ló dúró sí. Bẹ́ ẹ bá rí i, inú yín á dùn!"

Ìyá wá fọ́tò náà, ó sì rí i. Ọmọ rẹ̀ nìyí láàárín, fèrè lábíyá, tó ń rẹ́rìn-ín dé etí. Orúkọ rẹ̀ lódindi wà nísàlẹ̀, ti bàbá ló kẹ́yìn, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti wà níbẹ̀. Àwọn tó ti wò ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, wọn ò sì kọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò, tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, báyìí báyìí."

"Màá yọ ọ́, mà. Àmọ́ àwọn òbí ti pín in kiri..." Ohùn tíṣà rọlẹ̀. "Ṣé kò sí nǹkan, mà?"

Ó pa fóònù. Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí lọ ní tiẹ̀. Ta ni yóò lọ bẹ̀? Ta ni yóò fẹjọ́ sùn?

"O mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

Ọmọ tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. "Mo ti rí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ máa gbé báàgì nì ni." Omi lé sí i lójú. "Gbogbo ibi tí mo ti ń kọ́ fèrè, ẹ máa ń mú mi kúrò kí n tó bá wọn jáde lẹ́ẹ̀kan péré."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù pa ẹ̀rọ tirẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ìyá dìde, ó fa ọmọ lọ síwájú àwọn aṣọ funfun tí wọ́n sá.

"Ṣí fìlà. Gbójú sókè. Wò mí."

Ó yà á, ó fi í ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi jáde, kò pupa lọ́tẹ̀ yìí: *A ti gbà á. Ẹ ṣeun.* Ọmọ fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyá dì í mú.

Aṣọ ìtẹ́bùsùn ogójì ló kù láti ká kí wọ́n tó ṣíwọ́. Ọmọ di orí aṣọ kan mú, ìyá di ìdí rẹ̀ mú. Bí wọ́n ti fẹ́ ṣẹ́ ẹ po, ìyá dúró.

"Jẹ́ ká pààrọ̀ àyè."

Ó yí lọ sí òdìkejì tábìlì, kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè kọ sí ẹnu ọ̀nà.